Àlàfo Inú Òfin: Ìtàn Eré Àfẹnuṣe Orí Tábìlì àti Àwọn Adájọ́ Rẹ̀

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àwọn tí ń ṣe òfin ni òwe yìí máa ń bá wí jù. Bí òfin bá ti fi àyè sílẹ̀ níbì kan, ẹnìkan yóò gba ibẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń kọ òfin, ìbáà jẹ́ òfin ìlú tàbí òfin ẹgbẹ́, fi máa ń sa gbogbo ipá rẹ̀ láti dí gbogbo ihò. Ṣùgbọ́n ògiri tí kò ní ihò kankan kò ní fèrèsé, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ilẹ̀kùn. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ há síbẹ̀ ni. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ sọ ìtàn irú eré kan tí ó ti ń bá ọ̀ràn yìí jìjàkadì fún nǹkan bí igba ọdún, nítorí ohun tí àwọn aláré náà ti rí kọ́ kò mọ sórí eré nìkan.

Eré tí mò ń sọ kò nílò pápá, kò sì nílò bọ́ọ̀lù. Ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún a jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni adájọ́ eré. Òun ni yóò ṣàpèjúwe ibi tí ìtàn ti ń ṣẹlẹ̀: ihò abẹ́ ilẹ̀, ìlú tí ogun yí ká, aginjù tí kò sí omi. Kálukú nínú àwọn yòókù yóò gbé ẹnìkan wọ̀ bí ẹni gbé ẹ̀wù wọ̀. Ọ̀kan á di jagunjagun, ọ̀kan á di oṣó, ọ̀kan á di olè. Wọn yóò máa fi ẹnu sọ ohun tí ẹni tí wọ́n gbé wọ̀ fẹ́ ṣe, adájọ́ yóò sì sọ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rú wọn lójú, wọn á ju dáìsì, irú èyí tí a ń jù nínú lúdò. Nítorí pé ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é, eré àfẹnuṣe ni n ó máa pè é. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Dungeons & Dragons, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974.

Ẹ jẹ́ kí a fi ayò ọlọ́pọ́n wé e. Ihò 12 ni ó wà lára ọpọ́n, ọmọ ayò sì jẹ́ 48. Kò sí ọ̀tayò tí yóò sọ láàárín eré pé òun fẹ́ kó ọmọ ayò òun sá wọ igbó, tàbí pé òun fẹ́ fi owó bẹ ọmọ ayò ẹnìkejì kí ó dalẹ̀. Bí ó bá sọ ọ́, ẹ̀rín ni àwọn òǹwòran yóò fi í rín. Nínú eré àfẹnuṣe, ó lè sọ bẹ́ẹ̀ gan-an, adájọ́ sì gbọ́dọ̀ fún un lésì. Ohun tí ènìyàn lè sọ kò lópin, ṣùgbọ́n ìwé òfin lópin. Àárín méjèèjì yìí ni àlàfo ti ń wá. Kì í ṣe pé ẹni tó kọ òfin jẹ́ aláìmọ̀kan. Irú eré náà ni ó bí i.

Ìtàn náà kò bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ Prọ́síà, ìjọba àtijọ́ tí púpọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀ wà ní Jámánì àti Pólándì lónìí, ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1812, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Georg Leopold von Reiswitz gbé tábìlì kan wá síwájú Ọba Friedrich Wilhelm Kẹta. Àwọn awẹ́ kéékèèké tí wọ́n ya òkè, odò, igbó àti ọ̀nà sí ni ó wà nínú àpótí tábìlì náà, a sì lè tò wọ́n bó bá ṣe wuni kí wọ́n fi di pápá ogun. Ọba àti àwọn ọmọ rẹ̀ gbádùn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ohun ìṣeré ààfin ni ó ṣì jẹ́ nígbà náà.

Ọmọ ọkùnrin yìí, tí òun náà ń jẹ́ von Reiswitz, tó sì jẹ́ ọ̀gá kékeré láàárín àwọn ológun tí ń yin àgbá, ni ó sọ ọ́ di nǹkan gidi. Ní 1824 ó tẹ ìwé òfin jáde fún eré ogun náà. Ó fi àwòrán ilẹ̀ tòótọ́ rọ́pò awẹ́ bàbá rẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì ni yóò máa jà, ṣùgbọ́n wọn kò ní rí ara wọn. Kálukú yóò kọ àṣẹ rẹ̀ sínú ìwé, yóò sì fi í lé adájọ́ lọ́wọ́. Adájọ́ ni yóò sún àwọn ọmọ ogun lórí àwòrán, yóò sì fi han ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kìkì ohun tí ojú wọn ìbá rí lójú ogun. Dáìsì ni ó ń sọ iye ẹni tó ṣubú. Ìṣẹ́jú 2 ni ìpele kọ̀ọ̀kan dúró fún. Von Müffling, ọ̀gá àgbà àwọn agbèrò-ogun Prọ́síà, rí eré náà, ó sì dábàá rẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ náà.

Ẹ kíyè sí ipò tí Reiswitz fi adájọ́ sí. Ó ṣe òfin púpọ̀, ó ṣe ìṣirò bí ẹlẹ́ṣin ṣe ń sá tó, àti bí ìbọn ṣe ń pa ènìyàn tó ní oríṣiríṣi ọ̀nà jíjìn. Síbẹ̀, bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ tí ìwé kò sọ, adájọ́ ni yóò lo òye ara rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé òfin kò lè kárí. Reiswitz kò pẹ́ láyé láti rí èso iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e kúrò ní Berlin lọ sí ìlú mìíràn, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ ní 1827.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ológun ń bá eré náà lọ, òfin sì ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe adájọ́ ní láti kọ́kọ́ há àwọn àtẹ ìṣirò sórí. Eré tó yẹ kí ó kọ́ ọ̀dọ́ ológun ní ìpinnu kíákíá wá di iṣẹ́ akọ̀wé. Lẹ́yìn tí Prọ́síà ṣẹ́gun Faransé ní 1871, àwọn ọ̀gá tó ti fojú ara wọn rí ogun bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wilhelm Jacob Meckel kọ̀wé ní 1873 láti ṣàríwísí òfin tó le koko wọ̀nyí. Ní 1876, Julius von Verdy du Vernois lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní kí a kó àtẹ àti dáìsì kúrò lójú ọ̀nà, kí a fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá tó ti jagun rí. Irú eré ogun bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ti olómìnira, ti Reiswitz sì ni ti òfin líle.

Àríyànjiyàn yìí ni gbòǹgbò gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó gbèjà òfin líle yóò sọ pé ìwé kì í ṣe ojúsàájú. Ẹni tó gbèjà adájọ́ yóò fèsì pé ìwé kò rí ohun tó wà níwájú wa, adájọ́ ni ó rí i. Òtítọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa kìlọ̀ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí adájọ́ bá gbọ́ ti ẹnìkan, tí kò gbọ́ ti ẹnìkejì? Láàárín àwọn ológun, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè ìbéèrè yìí, nítorí pé adájọ́ ni ó ga jù ní ipò. Ọmọ ogun kékeré kì í bá ọ̀gá rẹ̀ jiyàn. Ipò ni wọ́n fi dí àlàfo náà. Ìgbà tí eré náà dé ọwọ́ àwọn ọ̀rẹ́ tí kò sí ẹni tó ju ara wọn lọ ni wàhálà tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tó gbà dé ọwọ́ wọn yani lẹ́nu. Ní 1880, ológun Amẹ́ríkà kan, Charles Totten, tẹ ìwé eré ogun tirẹ̀ jáde, ó pè é ní Strategos. Ìwé náà di ohun ìgbàgbé. Ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún àti díẹ̀ lẹ́yìn náà, David Wesely, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Minnesota tó fẹ́ràn eré ogun, rí i nínú ilé ìkàwé Yunifásítì Minnesota. Ohun méjì ni ó mú nínú rẹ̀: adájọ́ gbọ́dọ̀ wà, aláré sì lè gbìyànjú ohunkóhun tó bá wá sí i lọ́kàn, kódà bí òfin kò bá dárúkọ rẹ̀.

Ní 1969, Wesely pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ní agbègbè Minneapolis àti Saint Paul. Ó ṣètò ogun kan láyé Napoleon, nínú ìlú àfinúrò kan ní Jámánì tó sọ ní Braunstein. Àwọn tó wá pọ̀ ju ọ̀gágun méjì tí eré náà nílò lọ, nítorí náà ó fún àwọn yòókù ní ipò nínú ìlú: ọ̀kan jẹ́ olórí ìlú, ọ̀kan jẹ́ olówó báńkì, ọ̀kan jẹ́ ọ̀gá yunifásítì. Ó rò pé ogun ni wọn yóò jà. Ṣùgbọ́n kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, àwọn aláré ti tú ká, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n ń dìtẹ̀, wọ́n sì ń wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwọn méjì pe ara wọn níjà. Kò sí òfin kankan fún ìjà ẹni méjì nínú ìwé rẹ̀. Ogun ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun ni ó kọ òfin fún. Ó ní láti dá òfin sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Wesely ka ọjọ́ náà sí ọjọ́ ìkùnà. Ogun tó ṣètò kò wáyé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún un ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ni Dave Arneson, tó jẹ́ pé ní nǹkan bí 1971 ó gbé irú eré náà lọ sí ilẹ̀ àfinúrò tirẹ̀, Blackmoor, níbi tí oṣó àti ẹranko abàmì wà. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: àlàfo inú òfin ogun ni eré tuntun gbà wọlé sáyé. Ká ní òfin Wesely kárí, tó sì fi agídí di gbogbo wọn mú sínú ogun náà, bóyá Blackmoor kò bá má sí.

Ní ìparí 1972, Arneson lọ fi eré rẹ̀ han Gary Gygax ní ìlú Lake Geneva, ìpínlẹ̀ Wisconsin. Gygax ti kọ òfin eré ogun rí. Òun àti Jeff Perren ni wọ́n ṣe Chainmail ní 1971. Ó gba ìwé àkọsílẹ̀ Arneson, ó tò ó, ó fi kún un. Ní January 1974, ilé iṣẹ́ kékeré tí Gygax àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Don Kaye dá sílẹ̀ tẹ Dungeons & Dragons jáde, ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta nínú àpótí kan. Ẹ̀dà 1,000 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, dọ́là 10 sì ni wọ́n ń tà á.

Ihò pọ̀ lára òfin yẹn bí ti ajere. Fún ìjà, ìwé náà ní kí òǹkàwé lọ lo Chainmail, ìwé mìíràn tó gbọ́dọ̀ fi owó ọ̀tọ̀ rà. Fún ìrìn àjò nínú aginjù, ó ní kí ó lọ lo pátákó eré Outdoor Survival, èyí tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe. Kò sọ ní kedere ta ni yóò kọ́kọ́ ṣán idà nínú ìjà. Àwọn tó ti jókòó pẹ̀lú Arneson tàbí Gygax mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí ojú wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹni tó ra ìwé náà ní ọ̀nà jíjìn kò ní ẹni tí yóò bi. Síbẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé náà kò tọrọ gáfárà. Ní ìparí ìwé wọn, wọ́n gba òǹkàwé níyànjú pé bí ohun kan kò bá yé e, kí ó pinnu bó ṣe fẹ́ kí ó rí, kí ó sì ṣe é bẹ́ẹ̀.

Àwọn ènìyàn gbọ́ràn. Ní Phoenix, ìpínlẹ̀ Arizona, Ken St. Andre ka ìwé náà, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì jókòó kọ tirẹ̀. Ó tẹ Tunnels & Trolls jáde ní 1975, ó sì lo dáìsì olójú mẹ́fà tó wà ní gbogbo ilé dípò àwọn aláràbarà tó ṣòro rí. Ní Los Angeles, obìnrin kan tí ń jẹ́ Lee Gold bẹ̀rẹ̀ ìwé àtìgbàdégbà kan ní oṣù June ọdún náà, ó pè é ní Alarums & Excursions. Kálukú ń kọ ojú ìwé tirẹ̀ ránṣẹ́, ó ń kó wọn pọ̀, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ padà sí gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bi ara wọn léèrè: báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ tiyín? Ní 1976, Steve Perrin ní Kalifóníà kó àwọn òfin ìjà tó ti tún ṣe jọ, ó sì pín in fún àwọn ẹlòmíràn. Láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni RuneQuest ti jáde ní 1978. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Àlàfo inú ìwé Gygax àti Arneson sọ àwọn òǹkàwé wọn di òǹkọ̀wé.

Gygax fúnra rẹ̀ fara mọ́ èyí nígbà náà. Ó kọ lẹ́tà kan sí Alarums & Excursions ní 1975, ó jẹ́wọ́ pé òun àti Arneson kò ṣe eré náà bákan náà, pé tàwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé. Lójú tirẹ̀, ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn bá fẹnu kò lórí ọ̀nà kan ṣoṣo ni eré náà yóò sú ni.

Ṣùgbọ́n ọdún yẹn kan náà ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn nípa àlàfo. Wọ́n tẹ ìwé àfikún kan tí wọ́n pè ní Greyhawk jáde, wọ́n sì fi olè kún irú ẹni tí aláré lè gbé wọ̀. Olè lè fara pamọ́ sí òjìji, ó lè rìn láìdún, ó lè gun ògiri, a sì kọ ìṣirò ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Kí ìwé yìí tó dé, bí jagunjagun bá fẹ́ gun ògiri, adájọ́ yóò wo ògiri náà, yóò sì dá a lóhùn. Nígbà tí òfin ti wá sọ pé olè ni ó mọ̀ ọ́n gùn, kí ni kí a sọ fún jagunjagun? Àwọn kan ní kò lè gùn ún mọ́. Wọ́n dí ihò kan, ihò mìíràn ṣí lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí òfin kò sọ tẹ́lẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Bí òfin ti fẹnu kàn án báyìí, ó di ti ẹnìkan. Nínú RuneQuest, wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ yìí nípa jíjẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè gbìyànjú ohunkóhun, kìkì pé ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ ni yóò mọ̀ ọ́n ṣe jù.

Bí eré ṣe ń tà, bẹ́ẹ̀ ni ohùn Gygax ń yí padà. Lẹ́tà ìbéèrè ń rọ́ wọlé. Ìdíje ń wáyé níbi ìpàdé àwọn aláré, a kò sì lè fi àmì ẹ̀yẹ fún ẹni tó borí bí tábìlì kọ̀ọ̀kan bá ní òfin tirẹ̀. Láàárín 1977 sí 1979, ilé iṣẹ́ rẹ̀, TSR, tẹ ìwé ńlá mẹ́ta jáde lábẹ́ orúkọ Advanced Dungeons & Dragons. Ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta àkọ́kọ́ lé díẹ̀ ní ojú ìwé 100 lápapọ̀. Ìwé adájọ́ nìkan nínú àwọn tuntun ju ojú ìwé 200 lọ. Gygax wá ń wàásù ìṣọ̀kan: kí tábìlì gbogbo máa ṣe é bákan náà.

Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Orúkọ Arneson wà lára ìwé 1974, owó àṣẹ òǹkọ̀wé sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n TSR ka ìwé tuntun sí eré mìíràn, tí kò sí orúkọ Arneson lára rẹ̀. Ní 1979, Arneson pè wọ́n lẹ́jọ́. Wọ́n parí ẹjọ́ náà láàárín ara wọn ní 1981, Arneson sì gba ìpín tirẹ̀. Ìbéèrè tó wà níwájú ilé ẹjọ́, bí a bá tú u sí èdè wa, ni pé: ẹni tó dí àwọn ihò ara ilé, ṣé ilé tuntun ni ó kọ́, tàbí ó kàn tún ilé àjọni ṣe? Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àlàfo inú òfin jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé, kí ó rántí pé ó já sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ẹnìkan.

Ṣé ìwé ńlá wá dí gbogbo ihò? Rárá o. Ní 2000, lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ Wizards of the Coast ti ra TSR ní 1997, wọ́n tẹ ìpele kẹta eré náà jáde. Òfin rẹ̀ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ju ti ìṣáájú lọ. Àwọn aláré sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi awò wá ihò inú rẹ̀. Nínú òfin yẹn, ẹni tó ń kú lọ ní iye ìyè tó wà lábẹ́ òdo. Òfin omi sì sọ pé ẹni tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu, iye ìyè rẹ̀ yóò di òdo. Wọ́n wá rí i pé bí ẹnìkan bá ti fi mẹ́jọ rẹlẹ̀ sí òdo, tí a bá ti orí rẹ̀ bọ omi, ara rẹ̀ yóò yá dé òdo! Omi tó yẹ kó pa á di oògùn. Òmíràn ni ti àgbẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí a tò sórí ìlà. Ìpele ìjà kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 6, kálukú sì lè gba ọ̀pá kó fún ẹni tó kàn láàárín àsìkò náà. Ọ̀pá yóò wá rin kìlómítà mélòó kan kí ènìyàn tó mí ẹ̀ẹ̀mejì.

Ẹ̀rín ni a ń fi irú èyí rín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀rín náà. Ní 1974, ihò wà nítorí òfin kò sọ̀rọ̀. Ní 2000, ihò wà nítorí òfin sọ̀rọ̀ jù. Òfin omi dára láyè ara rẹ̀. Òfin ẹni tó ń kú lọ dára láyè ara rẹ̀. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni kò dára. Bí òfin ṣe ń pọ̀ sí i ni oríta tí wọ́n ti ń pàdé ń pọ̀ sí i. Kódà, nínú ìwé adájọ́ tó jáde ní 2024, wọ́n ní láti kọ ọ́ kedere pé òfin eré kì í ṣe òfin bí ayé ṣe ń ṣiṣẹ́, kí adájọ́ lè ní ẹnu láti kọ àwọn tó ń to àgbẹ̀.

Àwọn kan ti padà sí ọ̀nà Verdy du Vernois kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ní 2008, Matt Finch kọ ìwé kékeré kan láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe eré náà láyé àtijọ́. Kókó rẹ̀ ni pé kí adájọ́ máa dájọ́ ju kí ó máa ṣí ìwé òfin lọ. Ìbéèrè tó ti wà láti ayé àwọn ológun wá tún dìde: bí adájọ́ bá burú ńkọ́?

Ìdáhùn tó wù mí jù lọ ti ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn wá. Ní 2010, D. Vincent Baker àti Meguey Baker ṣe eré kan, Apocalypse World. Wọn kò gbìyànjú láti kọ òfin nípa gbogbo ògiri àti gbogbo odò. Adájọ́ gan-an ni wọ́n kọ òfin fún. Wọ́n sọ ohun tó gbọ́dọ̀ máa lépa, irú nǹkan tó lè ṣe nígbà tó bá kàn án, àti pé kí ó máa ṣòótọ́ sí àwọn aláré. Àlàfo ṣì wà, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró síbẹ̀ ní ojúṣe tí gbogbo tábìlì mọ̀, wọ́n sì lè bi í léèrè.

Àlàfo kan sì wà tó jìnnà sí ti ògiri àti idà, tí ìwé 1974 kò ronú kàn rárá. Kí ni a óò ṣe bí ìtàn bá kan ibi tó ń dun ẹnìkan lára àwọn aláré, ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láyé rẹ̀? Òfin sọ iye ẹ̀jẹ̀ tí idà lè ta sílẹ̀, kò sọ bí a ṣe ń tọ́jú ọkàn ẹni tó jókòó tì wá. John Stavropoulos dábàá ohun kan tó rọrùn: káàdì kan tí a kọ lẹ́tà X sí, tí a gbé sí àárín tábìlì. Ẹnikẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ bá gbọgbẹ́ lè fọwọ́ kàn án, wọn á sì fò ibẹ̀ kọjá, láìbi í pé kí ló dé. Òfin tó kúrú jù nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn, òun sì ni mo rò pé ó gba ìfọkàntán jù. Bí àwọn tó yí tábìlì ká kò bá bọ̀wọ̀ fún ara wọn, bébà lásán ni.

Gygax kú ní 2008, Arneson sì tẹ̀ lé e ní 2009. Ìjà tó wà láàárín òfin àti adájọ́ kò bá wọn kú. Ohun tí ìtàn igba ọdún yìí fi hàn mí ni pé ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn ti gbà kojú àlàfo: a lè fi òfin dí i, a lè fi ènìyàn dí i, a sì lè ṣe òfin fún ẹni tó dí i. Ọ̀nà àkọ́kọ́ kò ní parí láéláé. Ọ̀nà kejì dára níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn rere bá wà níbẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni ó gba òótọ́ pé ihò yóò máa wà, tí ó sì béèrè pé ta ni a fi ṣọ́ ọ, ta ni ó sì ń ṣọ́ olùṣọ́.

Kì í ṣe tábìlì eré nìkan ni èyí ti wúlò. Ẹgbẹ́ alájọ tó kọ òfin sínú ìwé, ṣé ó sọ ohun tí a óò ṣe bí olùkówójọ bá dùbúlẹ̀ àìsàn? Ìdílé tó pín ilẹ̀, ṣé wọ́n sọ ti igi ìrókò tó wà ní ẹnu ààlà? Ọjọ́ tí irú rẹ̀ bá dé, a óò wo ìwé, a kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀, gbogbo ojú yóò sì yí sí ẹni tó jókòó sípò àgbà. Ẹ jẹ́ kí a máa kọ òfin wa dáadáa, kí aláǹgbá má sọ ilé wa di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tọ́jú àgbà náà pẹ̀lú, kí a kọ́ ọ láti gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni òfin ń parí sí.